Ọjọ́ orí ìdìbò àti àwọn ọ̀dọ́langba

Ọjọ́ orí ìdìbò ni iye ọdún tí òfin là kalẹ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kí ó tó lè dìbò. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè àgbáyé, ọdún 18 ni. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí báyìí ni bóyá ó yẹ kí a fà á wálẹ̀ sí ọdún 16.

Ọdún 18 náà kò tíì pẹ́ tó bí àwọn kan ṣe rò, nítorí pé ọdún 21 ni ó wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1969 ni Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan fi sọ tirẹ̀ di 18. Ní Amẹ́ríkà, ogun Vietnam ni ó mú ọ̀rọ̀ náà gbóná: ìjọba lè mú ọmọkùnrin ọdún 18 wọṣẹ́ ológun tipátipá, síbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan àwọn tó ń rán an lọ sójú ogun, títí Àtúnṣe Kẹrìndínlọ́gbọ̀n sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà fi yanjú rẹ̀ ní ọdún 1971.

Bràsíl fún àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò nínú ìwé òfin rẹ̀ ti ọdún 1988. Ẹni tó bá wù nínú wọn ló ń dìbò, bẹ́ẹ̀ sì ni ó di dandan fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18. Áústríà ṣe tirẹ̀ ní 2007, Argẹntínà ní 2012, Málítà ní 2018. Ti Skótlándì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn ọmọ ọdún 16 dìbò lórí bóyá kí ilẹ̀ wọn kúrò lára Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò gbogbogbò dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 nínú wọn kò lè dìbò láti yan aṣòfin kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún náà gbà wọ́n láyè nínú ìbò ilé aṣòfin Skótlándì àti ti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan.

Àwọn alátìlẹ́yìn sábà máa ń sọ pé ọmọ ọdún 16 ń ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó orí. Àwíjàre yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé a kì í gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò rówó orí san. Èyí tó lágbára jù ni ti àṣà ìdìbò: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kúrò nílé òbí ní nǹkan bí ọdún 18, nígbà tí ọmọ ọdún 16 ṣì wà nílé àti nílé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ bí a ti ń dìbò. Àwọn alátakò ń bẹ̀rù pé òbí àti olùkọ́ ni yóò máa darí ìbò náà. Wọ́n tún ń bi í pé kí ló dé tí ẹni tí òfin kò gbà láyè láti dá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn yóò fi máa yan ìjọba.

Ìwádìí nípa ìrònú ènìyàn fi hàn pé nígbà tí ara bá balẹ̀, ọmọ ọdún 16 lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ìkóra-ẹni-níjàánu nígbà tí inú bá ń ru tàbí tí ẹgbẹ́ bá ń tini máa ń pẹ́ kí ó tó gbó. Ìhà méjèèjì ló ń di ìwádìí yìí mú, torí pé ìdìbò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìkánjú, àmọ́ ìpolongo ìbò kì í tutù. Ní Áústríà, àwọn onímọ̀ rí i pé ìbò àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 bá èrò wọn mu bí ti àwọn tó jù wọ́n lọ.

Iye ọdún náà kì í fìgbà gbogbo wálẹ̀: Ìránì gbé tirẹ̀ sókè láti 15 sí 18 ní 2007. Ní New Zealand, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2022 pé ọdún 18 tako òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ náà, àmọ́ kò lágbára láti yí i padà. Fún ìbò gbogbogbò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin, tàbí ìbò gbogbo ará ìlú, ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.