Sójà tó ń lọ ogun, ta lo sọ fún?

Ní ọ̀sẹ̀ tí Nàìjíríà rán bàálù ogun àti ọmọ ogun lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, nítorí àwọn sójà tó fẹ́ fi ipá gbàjọba níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, sójà mẹ́ta ló pè mí láàárín ọjọ́ méjì. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí: "Ọ̀gá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe ń pààrọ̀ orúkọ next of kin?"

Ó bí mi nínú. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì gbà pé ẹni tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni ajogún wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Next of kin ni ẹni tí wọ́n máa wá bá bí nǹkan bá ṣe ẹ́. Òun ni wọ́n máa pè, òun ni wọ́n máa kọ ìwé sí. Owó tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, owó olóògbé ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin mọ̀ sí ajogún tàbí àwọn tí olóògbé fúnra rẹ̀ hágún fún. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n olóògbé tí áláàtì báǹkì ti dún nínú àpò rẹ̀!

Ọjọ́ tí ọmọkùnrin wọṣẹ́ ló kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́ta, ó ra mọ́tò, fọ́ọ̀mù ò kúrò níbi tó wà. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, ìyá tí wọ́n ti sin láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí mo bá sì ní kó wá kọ ìwé ìhágún, ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹni tó máa ni ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú, á ní, "Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀, Lọ́yà, ẹ má fi ikú lọ̀ mí." Ọkùnrin tó ń gbé ìbọn wọ igbó Sambisa ló ń bẹ̀rù bírò! Yóò de ońdè mọ́ apá, yóò lọ sin gbẹ́rẹ́ ayẹta. Owó tó ná sórí ayẹta yẹn tó ìwé ìhágún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, bí n kò tilẹ̀ dín kọ́bọ̀ kù.

N kò ní pẹ́ lórí ìwé ìhágún gidi. Ẹlẹ́rìí méjì ni, kí gbogbo yín jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń buwọ́ lù ú, kí ẹni tí yóò jogún tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó tán. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni èyí tí ọ̀pọ̀ lọ́yà pàápàá ti gbàgbé lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun lè fi ẹnu lásán hágún. Kò nílò bébà, kò nílò ẹlẹ́rìí tó máa buwọ́ lu nǹkan kan, kódà bí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Òfin Ìhágún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837, abala 11, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an yá a ni. Julius Caesar ló kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ogun Róòmù láyè yìí, nígbà tó sì pẹ́, Ọba Constantine sọ pé bí ọmọ ogun bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sára apata, tàbí tó fi idà kọ ọ́ sínú eruku bó ṣe ń kú lọ, ìhágún ni. Mo máa ń ka òfin yẹn fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀."

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ London ti ọdún 1919, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ogun kan tó ti sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé bí ọta ìbọn bá ba òun, tirẹ̀ ni gbogbo ohun tí òun ní. Adájọ́ ní ìhágún ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹjọ́ Jones, tó wà nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ti 1981. Wọ́n yìnbọn lu Jones, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, ní Northern Ireland lọ́dún 1978. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù, ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ méjì pé bí òun ò bá yè é, kí ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ kó gbogbo ohun ìní òun. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìhágún kan wà nílẹ̀ tó ti kọ fún ìyá rẹ̀! Wọ́n tún jiyàn pé ogun wo ló ń jà, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kéde ogun, tí àwọn tó yìnbọn náà kò sì wọ aṣọ ológun. Adájọ́ ní ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, iṣẹ́ ogun ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu borí ìwé.

Ẹ wá wo Borno. Ta ló kéde ogun níbẹ̀? Ta ló wọ aṣọ ológun nínú àwọn Boko Haram, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jí? Lóòótọ́, ìdájọ́ kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ò de adájọ́ tiwa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi á wọ wíìgì mi, n ó sì gbé ẹjọ́ Jones síwájú adájọ́ yòówù, n kò ní gbọ̀n.

Ó ní ààlà o. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó jókòó ní bárékè nígbà àlàáfíà, tó ń mu bíà, tó ní "ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò mi," eré ló ń ṣe. Owó àti ẹrù ni abala 11 yẹn sì dá lé. Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ti owó àti ẹrù, kí o tó wọ ọkọ̀ lọ sógun, sọ ọ́ fún ènìyàn méjì tí kò ní jẹ nínú rẹ̀. Dárúkọ báǹkì, dárúkọ mọ́tò, dárúkọ ẹni tí o fẹ́ kó ni ín. Bí o bá sọ ọ́ sórí fóònù, fi ránṣẹ́ sí ibi méjì.

Ẹ sì jìnnà sí àwọn tó jókòó sí ẹnu géètì kóòtù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Opó kan gbé "àfidáfíìtì ìhágún" wá bá mi, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i lókè nílẹ̀. Mo wo déètì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ni ọkọ náà wá búra.

Obìnrin kan tún wà tí n kò lè gbàgbé. Borno ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Wọn ò ṣe ìgbéyàwó kóòtù, àṣà wa ò sì jẹ́ kí ìyàwó jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà sì ni gbogbo ohun ìní ọmọ wà. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ náà ti di ọdún kan àbọ̀ nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bi í, bí mo ṣe máa ń bi gbogbo wọn, pé ṣé olóògbé sọ nǹkan kan kó tó lọ.

"Ó sọ̀rọ̀ o, Lọ́yà. Ó gbà á sórí WhatsApp lóru tí wọ́n fẹ́ wọ igbó. Ó ní owó báǹkì àti mọ́tò, èmi àti àwọn ọmọ ni kí a ni ín. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má dá sí i."

Mo dìde lórí àga. Láti ìgbà tí mo ti di lọ́yà ni mo ti ń wá ẹjọ́ yìí! Mo ti ń rí orúkọ mi nínú ìwé àkójọ ìdájọ́. Mo ní, "Ìyá Tọ́lá, fóònù náà dà?"

Ó ti tà á. Owó WAEC Tọ́lá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la lọ bá ọmọ tó rà á ní ọjà. Ó họ orí. "Bàbá, a ti fláàṣì ẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ti gbé e lọ." Akọ̀wé mi ní ó lè wà ní ìpamọ́ lórí Google. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ṣí àkáǹtì Google náà fún un nígbà náà, òun ló mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀. Òun náà ti kú sínú igbó kan náà. Fóònù ọkọ kò padà wálé. Ohun tó kù ni ẹnu obìnrin náà nìkan, mo sì mọ ohun tí lọ́yà ẹ̀gbọ́n máa fi ẹnu náà ṣe.

A wọ kẹ̀kẹ́ padà. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Mọ́kọ́lá.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo tà á, Lọ́yà. Mi ò mọ̀ pé ìwé ni."