Antivirus Olówó Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé: Ṣé Dandan Ni?

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí púpọ̀ nínú àwa ará Èkó ti ń ra láptọ́ọ̀pù, bí ẹni tó kọ́lé tí kò fi ilẹ̀kùn sí i ni wọ́n ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá ní òun kò ní san owó antivirus, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sí Ìkẹjà nìkan. Ẹ óò gbọ́ ọ ní Yábàá, ní Sùúrùlérè àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé kọ̀ǹpútà tí a kò bá ra antivirus fún lọ́dọọdún kò ní pẹ́ bàjẹ́. Fún ẹni tó ń lo Windows 11 nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́ mọ́, ó sì ń dùn mí pé àwọn òbí tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ kiri ṣì ń yọ owó sílẹ̀ fún un.

Mo ní kì í ṣe òtítọ́ mọ́, nítorí ó ti jẹ́ òtítọ́ rí. Windows XP tó jáde ní ọdún 2001 kò ní antivirus kankan nínú. Ẹni tó bá gbé fíláàṣì lọ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Akọkà láyé ìgbà náà mọ bó ṣe máa ń rí: fáìlì rẹ̀ á pòórá lójú, ayédèrú ni yóò wà nípò wọn, bó bá sì tẹ ọ̀kan nínú wọn nílé, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2009, Microsoft, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Windows, mú antivirus ọ̀fẹ́ kan jáde, tí ènìyàn ní láti lọ wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Windows 8 dé ní ọdún 2012, wọ́n sọ Defender di antivirus tó wà nínú Windows gan-an, àti láti ìgbà náà, ọjọ́ tí a bá ti tan kọ̀ǹpútà tuntun ló ti ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, bí kò bá sí antivirus mìíràn nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun ọ̀fẹ́ kò lè dára tó. Iyèméjì náà ní ìdí, torí pé ní nǹkan bí ọdún 2013, máàkì tí Defender ń gbà nínú àyẹ̀wò kò dára rárá. Ṣùgbọ́n AV-TEST, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò kan ní Magdeburg ní Jámánì, tó máa ń fún antivirus kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 18, ti fún Defender ní 18 léraléra láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìyẹn máàkì kan náà tí àwọn tí à ń fowó rà ń gbà. Ohun mìíràn tí àwọn òǹtajà kì í sábà sọ ni pé, bí a bá fi antivirus mìíràn sí kọ̀ǹpútà, Defender yóò dáwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ẹni tó sanwó kò sọ ààbò di méjì. Pípààrọ̀ ló pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti antivirus ìdánwò tó máa ń bá láptọ́ọ̀pù tuntun wá: bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, yóò máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ewu ń bẹ, títí ẹ̀rù yóò fi mú ẹni tó ni ín sanwó. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, Defender yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Wíwá ọ̀fẹ́ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò pọndandan. Ní ọdún 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là nítorí pé ó kó àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì tà á.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ọ́pdéètì tí a kì í ṣe. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù Kẹta. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa ọ́pdéètì. Síbẹ̀ dátà òru, tàbí wáífáì ibi iṣẹ́ bí ọ̀gá bá gbà, lè tó fún un. Ẹni tó ra tokunbo tó ṣì ń lo Windows 10 ní láti ṣọ́ra jù, nítorí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Antivirus tí a rà kò lè dí ihò tó wà lára Windows fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíráàkì, ìyẹn ètò tí a ń jí lò láìsanwó, ló ń bí mi nínú jù. Àwọn kan máa ń fi Windows tí kò ní àṣẹ sí láptọ́ọ̀pù oníbàárà, ètò tí wọ́n fi ń jí i lò sì sábà máa ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ pa Defender. Wọn a pa á, wọn a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a wá ta antivirus tó jẹ́ kíráàkì fún ẹni kan náà. Kí ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ wo bóyá Defender ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gbà kí ẹ tàn án, ẹ má ṣe fi í wọ àkáǹtì báńkì yín títí wọn yóò fi fi Windows tó ní àṣẹ sí i.

Kò sí antivirus, ọ̀fẹ́ tàbí olówó, tó lè gba ẹni tó bá ka OTP fún ẹni tó pè é pé báńkì ni òun ti ń pè. Bákan náà, fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí tí kò ní ẹ̀dà lórí ohun ìpamọ́ tí a yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà lè bá WannaCry mìíràn lọ.

Ẹni tó ní ọ́fíìsì ní Broad Street tàbí Marina, tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń lo kọ̀ǹpútà lábẹ́ rẹ̀, lè rí ìdí tó dára láti sanwó, nítorí ó nílò kí ẹnì kan lè máa wo gbogbo wọn láti ojú kan. Òbí tó ń fẹ́ ìdarí tó pọ̀ lórí ohun tí ọmọ ń wò náà lè sanwó, bó bá ti mọ̀ pé ìdarí yẹn ni òun ń rà.