Ewé Ti Ń Wọ́, Ẹ Kán Fítámì Sí Ọmọ Lẹ́nu

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ṣe Ìdúpẹ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọdé wọ aṣọ òkè, wọ́n gbé iṣu, ọsàn àti búrẹ́dì, wọ́n ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi tí mo gbé mọ́tò sí, ìyá mẹ́fà ti dá mi dúró. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ti dé, ṣé súwẹ́tà mẹ́ta tó?" "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n máa fi róòbù pa á láyà?" "Ṣé òótọ́ ni pé atẹ́gùn ìgbà ìwọ́wé yìí ló ń wọ ọmọ láyà?" Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ṣé ẹ ń kán fítámì D sí ọmọ yìí lẹ́nu? Ẹnì kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ní ìgbà tí òun bá rántí ni.

Ọdún 19 ni mo ti fi ń bẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wò nílé wọn ní ìlú yìí. Kí n tó dé ibí, mo ti gbẹ̀bí fún ọdún 6 ní Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́, àṣìṣe kan náà ni mo ń bá nílé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn àwọn yòókù. Kòkòrò àìlèfojúrí tí àwọn ọmọ ń kó ran ara wọn nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ló ń fa ikọ́ àti kátá, kì í ṣe atẹ́gùn. Súwẹ́tà mẹ́ta ti pọ̀ jù nínú ilé. Yàrá tí ọmọ jòjòló ń sùn kò yẹ kó gbóná ju dígírì 20 lọ. Ẹ bọ́ kóòtù oníkókó lára ọmọ kí ẹ tó de bẹ́líìtì mọ́ ọn nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ ní páàkì, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èso dídán tí wọ́n ń ṣà sápò, tí wọ́n ń pè ní conker, májèlé ni bí wọ́n bá jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ máa yẹ àpò wọn wò. Ní ti Halloween, mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí lálẹ́ ọjọ́ náà ni aṣọ tó tètè ń gbaná àti àbẹ́là tí wọ́n tàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń pè ní Bonfire Night, tí wọ́n máa ń dáná tí wọ́n sì ń yin iná aláràbarà, ẹ má fi igi tó ń ta iná ṣàràṣàrà lé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́wọ́. Ooru rẹ̀ lè tó dígírì 2,000.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé nìyí.

Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51 àti ààbọ̀. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ inú oṣù Kẹta, ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ni oòrùn ibí ń gbà kọjá. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó tiẹ̀ lè máa wọ̀ yín lójú lórí ìwakọ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí awọ ara fi ń ṣe fítámì D, tí wọ́n ń pè ní UVB, kì í tó nǹkan kan mọ́ kó tó dé ilẹ̀. Ìyá kan sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni òun máa ń gbé ọmọ òun sí ní aago méjìlá ọ̀sán kí oòrùn lè ta sí i lára. Ó rò pé inú mi máa dùn. Gíláàsì fèrèsé máa ń dí ìtànṣán yẹn lọ́nà nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, kí á má tíì sọ nínú oṣù Kọkànlá.

Ẹ wá fi àwọ̀ wa kún un. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa, agboòrùn ni. Ní ilé, níbi tí oòrùn ti ń mú janjan yípo ọdún, agboòrùn yẹn ń dáàbò bò wá, èyí tó sì jò kọjá lára rẹ̀ ṣì ń tó ọmọ lò. Níbí, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, agboòrùn ṣì wà ní ṣíṣí lórí wa. Ọmọ òyìnbó tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò, tí òun àti ọmọ yín jọ ń ṣeré ní páàkì kan náà fún wákàtí kan náà, máa rí fítámì D nínú ẹ̀ẹ̀rùn ju ọmọ yín lọ fíìfíì. Nítorí náà ni ọmọ tiwa fi ń wọ ìgbà ìwọ́wé pẹ̀lú àpò tó ti ṣófo kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kí ni fítámì yìí ń ṣe gan-an? Oníbodè ni. Kálísíọ́mù tó wà nínú mílíìkì, nínú ẹ̀fọ́, nínú edé, inú ìfun ló ń dúró sí, ẹnu ibodè ni. Bí fítámì D bá wà, á ṣílẹ̀kùn fún un, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì dé inú eegun. Bí kò bá sí, ẹ lè bọ́ ọmọ yó kẹ́kẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa bá ìgbẹ́ jáde ni. Ara tí kò rí kálísíọ́mù gbà láti inú oúnjẹ á lọ máa yá a lọ́wọ́ eegun. Eegun ọmọ á rọ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, ọrùn ọwọ́ á wú, ọmọ tó yẹ kó ti rìn á máa jókòó. Àrùn yẹn ni ríkẹ́ẹ̀tì. Mo ní láti sọ èyí náà, kí ẹ má baà sáré gbé gbogbo ọmọ wá bá mi: ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn máa ń tẹ̀ díẹ̀ títí tó fi máa pé bí ọdún 2, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Èyí tó ń peléke sí i, tàbí tó ń dun ọmọ, tàbí tí ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ju èkejì lọ, ìyẹn ni kí ẹ gbé wá.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Kò sí irú rẹ̀ nínú ìdílé wa." Ta ló bi yín ní ti ìdílé? Ilẹ̀ ibí ló ni àrùn náà. Ní 1645, Daniel Whistler, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Leiden nílẹ̀ Netherlands, kọ̀wé lórí rẹ̀. Ní 1650, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Glisson, kọ ìwé ńlá tirẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù yòókù tilẹ̀ ń pè é ní àrùn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí èéfín ilé-iṣẹ́ bo ojú ọ̀run àwọn ìlú ńlá wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ló di ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀. Ní nǹkan bí 1919 ni dókítà kan, Edward Mellanby, fi ọmọ ajá ṣe ìdánwò ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi hàn pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ń dènà rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ yìí ń pín òróró yẹn fún àwọn ọmọ kéékèèké. Bí onílẹ̀ tí awọ wọn funfun bá nílò ìrànlọ́wọ́ níbí, kí lẹ rò pé ó yẹ kí tiwa rí?

Ohun tí ìjọba ń sọ láti 2016 kò le rárá. Ọmọ tó ń mu ọmú, láti ọjọ́ tí ẹ bí i: máíkírógíráàmù 8.5 sí 10 lójúmọ́. Ọmọ tó ń mu mílíìkì agolo tí wọ́n ṣe fún ọmọ jòjòló, tó ju mílílítà 500 lọ lóòjọ́ kò nílò rẹ̀, wọ́n ti fi sínú mílíìkì náà. Láti ọdún 1 dé ọdún 4: máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn àti ẹ̀yin òbí: 10 náà ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé àti òtútù, àwa aláwọ̀ dúdú sì lè máa lò ó yípo ọdún. Aboyún náà wà níbẹ̀. Bí IU, ìwọ̀n mìíràn tí wọ́n fi ń ka fítámì, ni wọ́n kọ sára ìgò, 400 ni kí ẹ wá. Ẹ ka ara ìgò o, nítorí ìgò kan ẹ̀kán kan ló tó, òmíràn márùn-ún. Ẹ má sì sọ pé púpọ̀ á tètè ṣiṣẹ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 25 lóòjọ́, ọmọ ọdún 1 sí 10 kò gbọdọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 50. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò Healthy Start. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọmọ yín ń jẹ ẹja títù. Ó dára, fítámì D wà nínú títù, ó sì wà nínú pupa ẹyin. Ṣé ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́? Mílíìkì màlúù tí wọ́n ń tà níbí kì í sábà ní in bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọmọ kan gbé ìgò kan wá fún mi. Obìnrin kan ló tà á fún un ní ọjà ní Peckham, pọ́n-ùn 25, "òróró eegun líle". Wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, wọn kò kọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀: àdín ni, tí wọ́n bu lọ́fínńdà díẹ̀ sí. Àdín ni ìyá mi fi pa mí lára, n kò ní bú u láé, ṣùgbọ́n kò sí fítámì D nínú rẹ̀. Ẹni tó mú owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ, tó jẹ́ kó lọ sùn pé òun ti ṣe ìtọ́jú, olè ni, olè tó jí oṣù mẹ́fà nínú ìdàgbàsókè ọmọ. Àwọn tó ń fi òrí fa ẹsẹ̀ ọmọ kó lè nà, mo bẹ̀ yín, ẹ dákun ẹ fi í sílẹ̀. Eegun tó ti rọ̀, tí ẹ tún ń fà, ẹ lè ṣẹ́ ẹ.

Ọmọ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bí i. Ọkùnrin ni, ó tóbi, ó ń mu ọmú dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá mo lọ kí wọn nílé, mo fi ìgò fítámì lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, mo ṣàlàyé. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n gbọ́ mi dé ìparí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ méje ni mo bí, ọmú nìkan ni mo fún wọn, kò sí èyí tí eegun rẹ̀ rọ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèje. N kò dúró ṣàlàyé ìyàtọ̀ ibẹ̀ àti ibí fún wọn, mo ṣì ní ilé mẹ́rin tí mo fẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ní oṣù Kejì, ọmọ náà pé oṣù 5. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gan, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ilé figbe ta pé gìrì ti dé. Ìyá àgbà ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fún omi àlùbọ́sà sí i lójú, wọ́n ń tú àpótí wọn kiri láti wá àgbo tí wọ́n gbé wá láti ilé. Bàbá ọmọ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí. Ṣíbí ti ya ọmọ lẹ́rìgì.

Nílé ìwòsàn, ara ọmọ kò gbóná rárá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: kálísíọ́mù inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ọpọlọ àti iṣan kò lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́. Fítámì D fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n yẹ ìyá rẹ̀ wò, tirẹ̀ náà kò yàtọ̀. Fítámì yìí kì í pọ̀ nínú ọmú kódà lára ìyá tó ní in. Ìyá tí kò ní, kí ni ọmọ fẹ́ rí mu? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, mo béèrè ìgò tí mo fún wọn. Ìyá ọmọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sún agolo Milo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú un jáde. Wọn kò tíì já ọ̀rá ẹnu rẹ̀.

Bí ọmọ bá gan lójú yín, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kó ohun tó lè gbá orí mọ́ kúrò nítòsí, ẹ wo aago, ẹ pe 999. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí, ìka, omi tàbí àgbo. Àwọn ọmọ tí àgbo gìrì gbà sí ọ̀nà ọ̀fun, mo rí wọn ní Ìbàdàn, n kò fẹ́ rí òmíràn.

Ara ọmọ náà ti le. Kí ìyá àgbà tó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kí n kọ orúkọ fítámì náà sórí ìwé fún àwọn, kí n kọ ọ́ gàdàgbà, kí n sì kọ iye tí wọ́n ń kán. Ìyàwó ọmọ wọn kejì ti lóyún ní Manchester.