Báwo Ni A Ṣe Ń Gba Orin Alápá Púpọ̀ Sílẹ̀ Láìsí Kọ̀ǹpútà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò kan wá bá mi ní ilé mi ní Ìjàpó, ní Àkúrẹ́. Láti ìlú Oǹdó ni ó ti wá, níbi tí òun àti àwọn márùn-ún mìíràn ti dá ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan sílẹ̀: gìtá kan, gángan kan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti òun fúnra rẹ̀ tí ó ń lé orin. Ó mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn oníròyìn fi ń gba ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀rọ náà lè gba orin ní tíráàkì mẹ́rin láìsí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni orin náà sì dàrú. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn mi ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Nítorí pé àbúrò ni, "o" ni mo ń pè é. Kí àgbà tí ó bá ń kà á má ṣe rò pé òun ni mo ń ṣàfojúdi sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀ tíráàkì mẹ́rin gan-an? Máìkì méjì péré ni mo rí lórí ẹ̀rọ yìí.

Ìdáhùn: Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ń fi orúkọ kan pè, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni iye ohùn tí ẹ̀rọ lè gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni iye ohùn tí ó lè tọ́jú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì máa gbé gbogbo wọn jáde pọ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ń jẹ́ Zoom H4n lè tọ́jú mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé e sí ipò tíráàkì mẹ́rin, méjì péré ni o lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Tascam DP-008 ní mẹ́jọ, síbẹ̀ méjì náà ni òun ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Zoom H6 ní tirẹ̀ lè gba mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Aṣọ òkè ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ó bá wù ú, lẹ́yìn náà ni aránṣọ yóò tó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí yóò sì rán wọn di aṣọ. Bí ọ̀já kan kò bá dára, òun nìkan ni a óò yọ, a ó sì hun òmíràn. Tíráàkì ni ọ̀já náà.

Ọ̀nà yìí sì ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà inú ilé lọ. Ní 1979 ni Tascam gbé Portastudio 144 jáde, tí ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì lásán gba tíráàkì mẹ́rin. Kásẹ́ẹ̀tì tí àwa ń yí láti ojú A sí ojú B ní òsì àti ọ̀tún lójú kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ìlà mẹ́rin lórí téèpù kan náà. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe ni pé ó lo ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ní apá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń lò ó kò fi gbọ́dọ̀ yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, nítorí pé ojú B ti di ara orin.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn àná jáde, tí ó tún ń gba ti òní, tí méjèèjì kò fi pò mọ́ra wọn? Nínú tèmi, wọ́n pò mọ́ra wọn.

Ìdáhùn: Nínú ẹ̀rọ kò sí wàhálà kankan. Ó ń wọn ohùn tí ó ń wọlé ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ iye tí ó rí sínú fáìlì tuntun. Láàárín ìgbà kan náà, ó ń ka àwọn fáìlì ti àtẹ̀yìnwá láti inú mẹ́mórì káàdì, ó sì ń darí wọn sí ojú ihò íápíìsì. Ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde kò pàdé níbì kankan. Ìta ni wọ́n ti ń pàdé.

Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba tuntun. Ó ní sípíkà Bluetooth kékeré kan ni, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè jọ máa gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Sípíkà náà dá àṣìṣe méjì sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, máìkì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín akọrin àti sípíkà; ohun tí ó bá ń dún nínú yàrá ni yóò gbà, nítorí náà gìtá àná wọ inú ohùn òní, kò sì sí bọ́tìnnì tí yóò yọ ọ́ kúrò. Èkejì ni pé Bluetooth máa ń fa ohùn sẹ́yìn kí ó tó jáde, ó sì lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Akọrin ń tẹ̀ lé ohun tí ó ti pẹ́, ẹ̀rọ sì ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pẹ́. Kódà bí sípíkà oníwáyà bá jìnnà ní mítà 3.4, afẹ́fẹ́ nìkan yóò fi ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá dá ohùn dúró, nítorí pé nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Íápíìsì oníwáyà ni kí o lò, èyí tí ó bo gbogbo etí mọ́lẹ̀. Bí ẹni méjì yóò bá jọ gbọ́, wáyà alẹ́nu méjì tí kò wọ́n ni o nílò.

Ìbéèrè: Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ gángan, mo sì gbé ẹ̀rọ síwájú ara mi. Ó bára mu níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe díẹ̀, gángan bẹ̀rẹ̀ sí í yapa. Ṣé onígángan ni kò mọ̀ ọ́n lù?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bá a jà. Aago kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ó ń pàṣẹ ìgbà tí wíwọn ohùn yóò wáyé, kò sì sí aago méjì tí ó bára mu délẹ̀délẹ̀. Jẹ́ kí a sọ pé ti fóònù fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 yára ju ti ẹ̀rọ lọ nínú gbogbo mílíọ̀nù kan. Nínú orin ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá mẹ́fà nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, etí kò sì ní í kà á sí. Ṣùgbọ́n jùjú ni ẹ̀yin ń ṣe, ẹ sì fi ogójì ìṣẹ́jú kọ orin kan láìsinmi. Ìyàtọ̀ náà ti di 48 nínú 1,000 nígbà náà, ó sì ti tó kí ìlù kan máa dún bí ìlù méjì. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà lè gé e, kí ó sì fà á padà sí àyè rẹ̀. Ìwọ kò ní. Nítorí náà, inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ohùn wọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí a kọ́kọ́ gbà, nígbà tí ó jẹ́ pé méjì méjì ni ẹ̀rọ mi ń gbà? Lẹ́ẹ̀kẹta, gìtá nìkan ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a lọ mọ́.

Ìdáhùn: Èyí ni ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù, mo sì gbà pé òun ni ó ń pinnu bóyá orin yóò dára, ju owó tí a fi ra ẹ̀rọ lọ. Onígìtá tí ó bá dá jókòó yóò máa yára níbi tí ó ti dùn mọ́ ọn, yóò sì máa fà níbi tí ó ti ń ronú. Gbogbo ìyára àti fífà yẹn ni àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò jogún. Àwọn sítúdíò máa ń lo aago tí ń dún "tík, tík" láti dènà èyí. Àwa ti ní ohun tí ó dára jù ú lọ fún irú orin yìí, ìyẹn kónkóló, ìlù kúkúrú tí agogo ń tún lù léraléra láìyí padà, tí ó ti mọ́ àwọn onílù jùjú lára.

Agogo àti gìtá ni kí ẹ jọ gbà lákọ̀ọ́kọ́: gìtá nípasẹ̀ wáyà tààrà sínú ẹ̀rọ, kí ó má bàa wọ inú máìkì, agogo nípasẹ̀ máìkì. Kí alágogo lu kónkóló odindi ìgbà méjì ní òun nìkan kí gìtá tó wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù yóò ti mọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà, jókòó sínú yàrá kejì, kí o máa yọ́ orin náà kọ sí wọn létí láìgbà á sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹsẹ kan ti parí. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí tíráàkì kẹta àti ìkẹrin.

Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé n kò tíì dárúkọ gángan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà á pẹ̀lú àwọn ìlù yòókù nítorí pé ìlù ni, mo sì gbà pé àṣìṣe gbáà ni. Gángan ń sọ̀rọ̀. Ó ń dá olórin lóhùn, ó ń ki í, ó sì ń parí ọ̀rọ̀ tí olórin bá fi sílẹ̀. Gángan tí a gbà ṣáájú olórin kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí ìwọ àti onígángan jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ nínú yàrá, òun ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ kí ẹ lè máa rí ojú ara yín.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n tíráàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kún kí ó tó kan èmi àti gángan.

Ìdáhùn: Ó kún lóòótọ́. Ẹ̀rọ rẹ lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú fáìlì tuntun kan tí ó ní òsì àti ọ̀tún, tí yóò gba àyè tíráàkì méjì, kí méjì yòókù sì ṣófo. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí a bá kó o pọ̀ ni ariwo "ṣííì" ń pọ̀ sí i. Ti òde òní kò ní irú ariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: aránṣọ ti rán ọ̀já pọ̀. Bí agogo bá ń dún ju bí ó ti yẹ lọ nínú ìkópọ̀ náà, kò sí bí o ṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìrẹ àkúbà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó kó o pọ̀, jókòó, kí o máa kọrin lé e lórí sókè nígbà tí o ń gbọ́ ọ, nítorí pé ìlù tí ó tó lójú ara rẹ̀ máa ń rì nígbà tí ohùn ènìyàn bá dé. Mo máa ń fi àkúbà sílẹ̀ kí ó ga díẹ̀ ju bí etí mi ti fẹ́ lọ ní ọjọ́ yẹn. Kí o sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé tíráàkì mẹ́rin ti orin ìṣẹ́jú márùn-ún kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 106 lọ, nígbà tí káàdì gígábáìtì 32 lè gba irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún.

Bí ẹ bá tún fẹ́ gba ègbè, ẹ kó gángan mọ́ àwọn ìlù inú tíráàkì méjì àkọ́kọ́, kí ohùn rẹ dá wà ní ẹ̀kẹta, kí ègbè sì wọ ẹ̀kẹrin. Ohùn ẹni tí ń lé orin kì í wọ inú ìkópọ̀ títí di ìparí. Òun ni àwọn ènìyàn wá gbọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó lójú ẹ̀rọ?

Ìdáhùn: Kí èyí tí ó ga jù wà ní nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n tí ó wà lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá fi lè kan òdo, ẹ̀rọ yóò gé orí ohùn náà kúrò, yóò sì máa dún bí aṣọ tí ń ya, kò sì sí àtúnṣe. Ẹni tí ó bá ń lu gángan nígbà ìdánwò kì í lù ú bí ẹni tí orin ti wọ̀ lára, nítorí náà sọ fún un kí ó lù ú bí ẹni tí wọ́n ń ná owó fún.

Ìbéèrè: Ilé wa kò dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ni, òjò ni, páànù ni. Ṣé kí a wá sítúdíò rẹ́ńtì?

Ìdáhùn: Má tíì náwó. Bátìrì ni kí ẹ̀rọ lò, kì í ṣe ṣájà tí ó wọ iná. Iná mọ̀nàmọ́ná wa ń yípo ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń ti inú wáyà wọ inú gìtá bí ìkùn oyin. Bọ́tìnnì tí ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kò sì lè pa á tán, nítorí pé ó tún ń dún ní 100, 150 àti 200. Bátìrì kò ní ìkùn kankan. Àmọ́ bí máìkì rẹ bá jẹ́ irú èyí tí ó ń béèrè fólítì 48 láti inú ẹ̀rọ, bátìrì yóò tètè kú, kí o mú òmíràn dání. Máìkì tí ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ń dì mú lọ́wọ́, kò nílò rẹ̀.

Fún òjò lórí páànù, kò sí ọgbọ́n kan ju pé kí ẹ dúró kí ó dá. Ẹ sì gba gbogbo ohun tí a fi awọ ṣe lọ́jọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé awọ máa ń rọ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ohùn rẹ̀ a sì rẹ̀lẹ̀, gìtá tí ẹ ti gbà kò sì lè bá a sọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè: Bí a bá rí owó lọ́jọ́ iwájú, ṣé a lè gbé iṣẹ́ yìí lọ fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Ẹ lè gbé e lọ. Fáìlì WAV ni tíráàkì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà èyíkéyìí sì lè ṣí i. Kí ẹ rí i pé gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kódà bí ègbè kò bá tilẹ̀ wọlé títí di ìṣẹ́jú kẹta, kí oníkọ̀ǹpútà má bàa máa wá ibi tí yóò tò wọ́n sí. Yóò béèrè fún agogo ní òun nìkan, àwọn ìkópọ̀ yín kò sì ní lè fún un. Inú ẹ̀dà tí ẹ ṣe ṣáájú ìkópọ̀ àkọ́kọ́ ni agogo rẹ̀ wà, gángan ní òun nìkan sì wà nínú èyí tí ẹ bá ṣe ṣáájú ìkejì. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ orin sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe pa èyíkéyìí nínú wọn rẹ́.