Ìpè ìbéèrè nípa tírọ́ọ̀mpù nínú bríìjì

Ìpè ìbéèrè nípa tírọ́ọ̀mpù ni ìpè tí ẹni kan nínú àwọn méjì tó jọ ń ta bríìjì (eré káàdì ẹni mẹ́rin, méjì sí méjì) fi ń wádìí lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ bí káàdì rẹ̀ ṣe lágbára tó nínú ẹ̀yà (♠, ♥, ♦ tàbí ♣) tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tírọ́ọ̀mpù. Ìpè náà kì í sábà sọ púpọ̀ nípa ọwọ́ ẹni tó pè é. Ìdáhùn ló ń wá. Ìgbà tí wọ́n bá ń lé sílámù ni wọ́n máa ń lò ó: sílámù kékeré ni àdéhùn láti kó ìkó (káàdì mẹ́rin, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan) 12 nínú 13, sílámù ńlá ni láti kó gbogbo rẹ̀. Káàdì ọlá mẹ́ta tó ga jù, ìyẹn éèsì, ọba àti ayaba, ni ìbéèrè náà sábà máa ń dá lé.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè

Tírọ́ọ̀mpù ló ń borí ẹ̀yà yòókù. Bí káàdì ọlá kan nínú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ alátakò, kò sí ẹ̀yà mìíràn tó lè borí rẹ̀. Ká ní ọwọ́ méjèèjì ní tírọ́ọ̀mpù 9, tí éèsì àti ọba wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ayaba. Bí wọ́n bá ta éèsì àti ọba lé ara wọn, nǹkan bí ìgbà 53 nínú 100 ni ayaba náà máa já bọ́. Bí tírọ́ọ̀mpù bá pé 10, mẹ́ta péré ló kù níta, wọ́n sì máa ń pín sí 2 àti 1 ní ìgbà 78 nínú 100.

Ohun tó yẹ ká fi wọn èyí ni èrè rẹ̀. Nínú ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, fún ẹgbẹ́ tó wà nínú ewu (tí èrè àti ìtanràn rẹ̀ ga sí i), 7♠ (sílámù ńlá tí ♠ jẹ́ tírọ́ọ̀mpù) tó bá yege jẹ́ 2210, nígbà tí 6♠ (sílámù kékeré) tó kó gbogbo ìkó jẹ́ 1460. Àmọ́ bí 7♠ bá kùnà pẹ̀lú ìkó kan, ẹgbẹ́ náà pàdánù 100, ó sì tún pàdánù 1430 tí 6♠ ì bá fún un. Bí àwọn tó wà ní tábìlì kejì, tí wọ́n ń ta káàdì kan náà, bá dúró sí 6♠, èrè jẹ́ IMP (ìwọ̀n tí a ń fi ka ìyàtọ̀ èrè tábìlì méjèèjì) 13, àdánù jẹ́ 17. Nítorí náà, sílámù ńlá yẹn gbọ́dọ̀ lè yege ní nǹkan bí ìgbà 57 nínú 100 kó tó tọ́ láti pè é. 53 kò tó o. 78 ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí gígùn ẹ̀yà fi jẹ́ ara ohun tí ìbéèrè tó péye ń wádìí.

Nínú ètò Precision

C. C. Wei ló dá Precision, ètò ìpè bríìjì kan, sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ẹgbẹ́ Taiwan lò ó dé ìparí Bermuda Bowl (ìdíje bríìjì àgbáyé) ọdún 1969 ní Rio de Janeiro, níbi tí Ítálì ti borí wọn. Lẹ́yìn náà ni Benito Garozzo àti Giorgio Belladonna, àwọn ará Ítálì, mú un gbòòrò, tí a sì ń fi lẹ́tà Gíríìkì pe oríṣiríṣi ìbéèrè inú rẹ̀. Gamma ni ti tírọ́ọ̀mpù.

Nínú ètò yìí, 1♣ túmọ̀ sí póìǹtì (iye tí a ń fún káàdì ńlá) 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnìkejì bá dáhùn 1♠, ó ní póìǹtì 8 ó kéré tán àti ♠ márùn-ún ó kéré tán. Bí ẹni tó ṣí ìpè bá wá pe 2♠, ìbéèrè ló bi yẹn. Ìdáhùn a máa gun òkè ní ìpele-ìpele (NT ni ìpè tí kò ní tírọ́ọ̀mpù): 2NT, kò sí káàdì ọlá kankan; 3♣, ♠ márùn-ún pẹ̀lú ọlá kan; 3♦, márùn-ún pẹ̀lú méjì; 3♥, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ọlá kan; 3♠, mẹ́fà pẹ̀lú méjì; 3NT, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan ti yí ètò ìpele yìí padà díẹ̀.

Iye ọlá ni ìdáhùn ń sọ, kì í dárúkọ wọn. Ẹni tó béèrè ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yanjú rẹ̀. Bó bá ní ♠K J 4 (K ni ọba, J ni jáàkì), tó sì gbọ́ 3♦, ọba wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí náà éèsì àti ayaba ló wà lọ́hùn-ún. Bó bá gbọ́ 3♣, ó lè jẹ́ éèsì, ó sì lè jẹ́ ayaba, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì tóbi: láìsí éèsì, sílámù ńlá ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ♠A K 4 (A ni éèsì) ló ní, 3♣ kan náà yóò sọ fún un láìsí iyèméjì pé ayaba ni.

Àǹfààní tó ga jù níbí ni pé ìdáhùn máa ń parí sí ìpele kẹta. Ààyè ṣì wà láti béèrè nípa ẹ̀yà mìíràn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ely Culbertson ló gbé ìbéèrè tírọ́ọ̀mpù ti 5NT jáde ní 1936. Ní Yúróòpù wọ́n ń pè é ní Josephine, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ní méjì nínú ọlá mẹ́ta yóò pe 7. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 6. Lónìí, 4NT tó ka ọba tírọ́ọ̀mpù mọ́ éèsì mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù. Nínú rẹ̀, 5♥ jẹ́ méjì tàbí márùn-ún láìsí ayaba, 5♠ jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ayaba. Ẹni tó bá mọ̀ pé tírọ́ọ̀mpù àwọn pé 10 máa ń dáhùn bí ẹni tó ní ayaba.

Bermuda Bowl 1975

Ní ìparí ìdíje yìí ní Bermuda, Ítálì dojú kọ Àríwá Amẹ́ríkà, Belladonna àti Garozzo sì pe 7♣ láìní ọba ♣. Ọwọ́ Eddie Kantar ti Àríwá Amẹ́ríkà ni ọba náà wà, pẹ̀lú ♣ kan ṣoṣo mìíràn, ní ìhà tí éèsì àti ayaba ti lè mú un. Belladonna kó ìkó 13, Ítálì sì gba ife náà.