Ta ló ni owó tí agbèrò ń gbà?

Bí ará Kàbà tàbí Ìsánlú bá ti Èkó dé, ìròyìn agbèrò kì í gbẹ́yìn: àwọn géńdé tó ń fi igi lu ara dánfó, tó ń já owó gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹdọ́. “Ọ̀lẹ! Wọ́n kàn ń jẹ owó olówó ni.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí èèyàn nínú, nítorí ẹni tó kéré jù nínú ètò náà ni wọ́n rò pé ó ń jẹ gbogbo owó náà.

Àwa tí a mọ ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àtìpó ń san fún onílẹ̀ nítorí ilẹ̀ tó fi ń dáko, kò yẹ kó rú wa lójú. Ẹni tí onílẹ̀ rán lọ kó iṣu lóko àtìpó, ṣé òun ló ni ilẹ̀ ni? Ìránṣẹ́ ni agbèrò. Alága yúnìtì, ìpele tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW, á ti dá iye tó gbọ́dọ̀ mú wá lóòjọ́ fún un, èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ́n lójú ọ̀nà, wàhálà dé nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ wá owó náà níbikíbi. Látọ̀dọ̀ yúnìtì, owó á gba ẹ̀ka kọjá sí sóònù, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ní ìpínlẹ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan á sì bù díẹ̀.

Àtìpó náà, ìyẹn awakọ̀, kì í sanwó lásán, ẹ má tan ara yín. Tọ́ọ̀nù, ìyẹn títò ní ẹsẹẹsẹ, ni wọ́n ń sanwó fún. Ní gáréèjì Lọ́kọ́ja tàbí Kàbà, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ kún, kò sẹ́ni tó lè já èrò ẹlòmíì gbà. Bí ọlọ́pàá bá mú awakọ̀, alága ló ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi gáréèjì àti ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ta ló rí òṣìṣẹ́ káńsù tó ń to ọkọ̀ láago márùn-ún ìdájí?

Ọdún 2022 ló tú onílẹ̀ gan-an fó. Olú ẹgbẹ́ NURTW dá Musiliu Akinsanya, tí wọ́n ń pè ní MC Oluomo, alága ẹgbẹ́ náà ní Èkó, dúró. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kàn gbé ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn gáréèjì kalẹ̀, ó sì fi Akinsanya kan náà ṣe olórí rẹ̀. Orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yí padà, ẹni tó wà lórí àga ò yí. Ẹni tó lè fúnni láṣẹ láti gbowó ni onílẹ̀, kò sì fi ilẹ̀ tọrẹ lásán: bí ìdìbò bá dé, ta ló tún lè kó èrò àti ọkọ̀ jáde ládùúgbò gbogbo ní wákàtí díẹ̀?

Ètò náà gbọ́n, lójú tèmi. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé awakọ̀ kò lè béèrè ìṣirò. Ní oṣù kejì ọdún náà, Èkó gbé owó àpapọ̀ ₦800 lóòjọ́ kalẹ̀ kí owó kéékèèké má bàa pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méje lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kó iṣu lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó kò sì yọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó ẹrù tí wọ́n san.