Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ọlọ́pọlọ Pípé: Ibi Tí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ni ètò tí a ṣe lọ́tọ̀ fún ọmọ tí iṣẹ́ kíláàsì kò tó o ṣe, ìyẹn ọmọ tó ti mọ ìdáhùn ìṣirò kí olùkọ́ tó kọ ọ́ tán sójú pátákó, tó wá ń da ẹgbẹ́ rẹ̀ láàmú nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Àwọn tí ìwé kò tètè yé ni a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tí a wá ń fi ṣa àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé fún. Ní ọdún 1905, ní ìlú Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé e jáde kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ní 1912, William Stern, ará Jámánì, dábàá pé kí a fi ọjọ́ orí ọmọ pín ọjọ́ orí tí ọpọlọ rẹ̀ bá dé. Nígbà tó di 1916, Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford tún ìdánwò náà ṣe, ó sì sọ èsì ìpín náà di ìlọ́po 100. Òun ni a mọ̀ sí IQ. Bí ọmọ ọdún 8 bá ṣe iṣẹ́ tí ọmọ ọdún 10 sábà máa ń ṣe, a ó fi 8 pín 10, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 100, yóò sì di 125. (Lónìí, àwọn ojúgbà ọmọ náà gan-an ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀.)

Láti 1921 ni Terman ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé tó lé ní 1,500 ní California, tí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ tọ́ka sí púpọ̀ nínú wọn kí ó tó dán wọn wò. Mo gbà pé ojú olùkọ́ yìí wà lára àléébù iṣẹ́ náà, nítorí ọmọ tó mọ́ tónítóní, tó sì ń gbọ́ràn, ni ó tètè ń wọ̀ ọ́. Ìdánwò fúnra rẹ̀ pàápàá kùnà: William Shockley àti Luis Alvarez ṣe é, àmì wọn kò tó, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì nígbà tí wọ́n dàgbà.

Leta Hollingworth ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin yìí, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ní New York ní 1922, ó sì rí i pé ọmọ tí IQ rẹ̀ jẹ́ 140 ń fi nǹkan bí ìdajì àkókò rẹ̀ ní ilé-ìwé ṣòfò. Ní Speyer School, ilé-ìwé kan ní New York níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1936, àwọn ọmọ náà ń fi apá kan ọjọ́ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ ń ṣe, wọ́n sì ń fi ìyókù wádìí bí ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, bí oúnjẹ, aṣọ àti ilé, ṣe di ohun tó jẹ́.

Owó gidi kò wọlé fún irú ẹ̀kọ́ yìí àfi ìgbà tí Soviet ju Sputnik, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po, sí ojú sánmà ní October 1957, tí ìpayà bá Amẹ́ríkà. Òfin ọdún 1958 tó tẹ̀lé e ná owó lórí ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè àjèjì; lára owó náà ni àwọn yunifásítì ibẹ̀ kan fi kọ́ èdè Yorùbá.

Nàìjíríà dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Suleja ní 1986. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa tó kù, fífo kíláàsì ni oògùn tí a mọ̀: àwọn òbí á máa fi ṣe fáàrí ládùúgbò, ọmọ á sì jókòó sáàárín àwọn tó fi orí àti èjìká ga jù ú lọ.